Ìkómọ Tí Kò Sọ́mọ Níbẹ̀

Àìsàn kan wà ní Peckham, ládùúgbò wa ní London, tó jẹ́ pé òbí nìkan ló máa ń ṣe. Ọmọ á wọ Year Five, tí pírámárì ti fẹ́ máa parí, òbí á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ẹni tí kò mọ orúkọ tíṣà ọmọ ẹ̀ rí á dédé máa wá iléèwé kiri lórí fóònù, á máa jẹun, á máa mi orí. Nílé wa, ọkọ mi ló kọ́kọ́ kó o. Ọkọ mi yìí kan náà ni mo rán lọ mú ọmọ wá níléèwé nígbà kan, tó lọ dúró síwájú kíláàsì tí ọmọ ti kúrò láti ọdún tó kọjá, tó ń bá tíṣà fa ọ̀rọ̀ pé níbo ni wọ́n gbé ọmọ òun sí. Òun ló wá di ọ̀jọ̀gbọ́n ètò ẹ̀kọ́.

Bọ́ọ̀sì ló ń wà. Níbi tí àwọn awakọ̀ ti máa ń mu tíì kí wọ́n tó gbé ọkọ̀ jáde ni ẹnì kan ti sọ fún un pé ọmọ òun ti wọ gírámà ní Kent. Ó délé, kò tú bàtà, kò bọ́ kóòtù. Ó ní, "Ọmọ wa máa lọ gírámà."

Mo ní, "Gírámà bíi ti Ìwó?" Torí nílé, gírámà ni gbogbo ẹni tó bá ti ṣe tán ní pírámárì ń lọ. Bàbá mi lọ, ẹ̀gbọ́n mi tó ń ta bàtà lọ, ewúrẹ́ àdúgbò wa náà máa ń wọ ọgbà ibẹ̀ lọ jẹko lọ́sàn-án. Ọkọ mi wò mí tàánú-tàánú. Ó ní gírámà ti ibí kì í ṣe ti gbogbo èèyàn, pé ìdánwò ni wọ́n ń ṣe wọ ọ́, pé àwọn tó ń gbé nítòsí ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ mú, nítorí náà, àfi ká kó lọ sí Kent. Ó sọ ọ́ bí ẹni ní ká lọ ra búrẹ́dì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tá a fẹ́ kó kúrò. Fúláàtì kánsù ni, èyí tí ìjọba ìbílẹ̀ fi ń háyà, àjà kẹta, ó ní lífítì tó jẹ́ pé ìgbà tó bá wù ú ló ń ṣiṣẹ́. Mi ò ní gbèjà ẹ̀. Lọ́dún tí ògiri yàrá wa bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, kánsù rán ọkùnrin kan wá wò ó, ó wò ó lóòótọ́, ó sì lọ. Ṣùgbọ́n Àlàájà ń gbé lábẹ́ wa.

Àlàájà kì í ṣe ìyá mi, wọn kì í ṣe ìyá ọkọ mi, a ò bá ara wa tan níbì kankan. Ará Ìsẹ́yìn ni wọ́n, opó ni wọ́n, wọ́n ti ń gbé ilé náà kí èmi tó mọ̀nà London. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe, shift ìdájí, ọkọ mi náà sì ń gbé bọ́ọ̀sì ìdájí. Láràárọ̀ ni èmi àti ọmọ mi máa ń sọ̀ kalẹ̀ nínú òkùnkùn, màá kan ilẹ̀kùn, Àlàájà á ṣí i tòun ti ìborùn tí wọ́n fi kírun àsùbáà, wọ́n á gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Ọmọ á tún sùn díẹ̀ lórí àga wọn. Wọ́n á jí i, wọ́n á fún un ní ògì àti ẹyin, wọ́n á gbọ́ kéwú lẹ́nu ẹ̀, wọ́n á mú un lọ síléèwé. Láti násìrì nìyẹn. Tí ẹ bá rí ọmọ mi tó ń kúnlẹ̀ kí yín, tó ń sọ Yorùbá tó já gaara, ẹ má kí mi kú iṣẹ́, mi ò sí nílé.

Àlàájà náà bímọ o. Ọkùnrin méjì ni, wọ́n sì ti kó ìdílé wọn lọ síbi tí iléèwé ti dáa, ọ̀kan ní Scotland, èkejì ní Canada. Wọ́n máa ń pè lọ́jọ́ Iléyá, àwọn ọmọ ọmọ á sì máa juwọ́ nínú fóònù. Ọmọ tèmi nìkan ló ń kan ilẹ̀kùn yẹn. Nítorí náà, bí ọkọ mi ṣe ń pariwo gírámà, ohun tí mò ń rò ni pé ta ló máa sọ fún Àlàájà, kí ni wọ́n sì máa ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

"Kò sẹ́ni tó máa sọ fún wọn," ni ọkọ mi wí. "Kò sẹ́ni tá a máa sọ fún rárá. Ayé ò fẹ́ ká rẹrù ká sọ̀."

Ẹ̀yin náà mọ òfin yẹn, kì í ṣe tuntun. Ẹni wa tó bá lóyún á fi pamọ́ títí ikùn á fi máa ṣíwájú ẹ̀ wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ rìnrìn àjò á ní òun ń lọ ra ata ní Rye Lane, ó di ọdún kejì. Bàbá kan ní mọ́ṣáláṣí wa dédé dàwátì nígbà kan, a gbà pé ara wọn ni kò yá, a fi ọjọ́ Jímọ̀ mélòó kan ṣàdúà ìlera fún wọn, àfi ìgbà tá a gbọ́ pé Birmingham ni wọ́n kó lọ, ara wọn sì le ju tiwa lọ. Gẹ́gẹ́ bí ọkọ mi ṣe wí, gbogbo àwọn ọ̀tá wa ló jókòó ní Peckham, tí wọn ò níṣẹ́ méjì, tí wọ́n ń dúró kí wọ́n gbọ́ pé awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan fẹ́ lọ háyà ilé ní Kent. Ó pe ọmọ wa, ó fà á létí díẹ̀, ó ní kó má sọ fún àwọn èèyàn. Ọmọ ní ó dáa.

Ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ tá a fẹ́ lọ wo ilé, a pàdé Àlàájà lórí àtẹ̀gùn. Sátidé ni ọmọ máa ń lọ bá wọn ṣeré lẹ́yìn ilé kéwú, wọ́n sì bi wá pé níbo là ń lọ pẹ̀lú bàtà òde.

Ọkọ mi ní, "Ìkómọ ni, mà. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa ló bímọ, ní Kent."

"Alhamdulilahi. Kí ló bí?"

A ò tíì sọ̀rọ̀ débẹ̀ nílé. Ọkọ mi ní, "Ọkùnrin." Èmi náà ní, "Obìnrin." Ẹnu wa jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Àlàájà wò wá títí. Wọ́n ní, "Ìbejì nìyẹn. Ọlọ́run á wò wọ́n." Wọ́n ní ká dúró, nítorí kò sí bí àgbà Yorùbá ṣe máa gbọ́ ìkómọ tó máa jẹ́ kí ẹni tó ń lọ síbẹ̀ lọ lọ́wọ́ òfìfo. Wọ́n wọlé, wọ́n gbé tówẹ́ẹ̀lì méjì jáde nínú ọ̀rá, ó nípọn dáadáa. "Ẹ bá mi fún ìyá ìkókó." Nínú ọkọ̀, mo tú u wò. Tówẹ́ẹ̀lì yẹn tóbi tó èyí tí ọkọ mi lè ró. Mo ní irú ìkókó wo ló máa lo eléyìí. Ọkọ mi ní ojú àgbà ni, wọn ò ríran dáadáa mọ́.

Ilé náà dáa. Kí n sọ òótọ́, kó má dà bí ẹni pé ìlara ni. Ó ní yàrá mẹ́ta, ó ní ọgbà lẹ́yìn, ògiri ẹ̀ ò làágùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá onílé fi ilé háyà, tó mú wa wọ̀ ọ́, wọ bàtà tó ṣẹnu ṣóńṣó, ó ń ṣí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ́lé náà. Ó ní àdúgbò náà pa rọ́rọ́. Ó pa rọ́rọ́ lóòótọ́. Láti ìgbà tá a ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ológbò kan nìkan la rí, kò sì dá wa lóhùn. Ọkọ mi dúró nínú ọgbà, ó ń fa afẹ́fẹ́ símú. Ó ní, "Gbọ́ òórùn yẹn." Mo gbọ́ ọ. Koríko ni.

Fèrèsé pálọ̀ ló ṣe mí ní kàyéfì. Ó ga, ó fẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, gbogbo ẹni tó bá ń kọjá lójú títì lè rí ohun tó wà nínú abọ́ yín. Ọmọ mi na ọwọ́ méjèèjì níwájú ẹ̀, ó ń wò ó lókè nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bèèrè pé, "Níbo ni Grandma máa sùn?" Àlàájà ló ń pè bẹ́ẹ̀.

Bàbá ẹ̀ ní, "Grandma ní ilé tiwọn."

Ọmọ tún yíjú sí fèrèsé náà, ó tún na ọwọ́.

Ẹni tó nilé ní òun fẹ́ fojú rí wa, nítorí náà a tún lọ ní Sátidé kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkọ mi ti pèsè irọ́ sílẹ̀ látàná: wòlímà ni, ọmọ ọ̀rẹ́ òun kan ló parí Kùránì. Inú Àlàájà dùn ju ti ìkómọ lọ. Ẹní ìkírun méjì ni wọ́n gbé fún wa, ọ̀kan tóbi, ọ̀kan kéré, wọ́n ní kí ọmọ tó parí kéwú lo èyí kékeré. Mo gbà á, mo dúpẹ́. Ẹ̀rín músẹ́ ni wọ́n ń rín.

Bá a ṣe délé lálẹ́, ọkọ mi ní kí n kó ẹrù náà fún àwọn aláìní. Mo ní rárá. Àmánà ni, wọ́n fi rán wa sí èèyàn ni, èèyàn náà ni kò sí. Mo kó wọn sábẹ́ ìbùsùn. Báyìí ni mo ṣe di ẹni tó ń sùn lórí ẹrù ìbejì tí ẹnikẹ́ni ò bí àti ti aláfàá kékeré tí kò tíì ka álífù. Bí mo bá yí padà lóru, ọ̀rá wọn á dún. Ó ń dùn mí. Mo sọ fún ọkọ mi pé ó ń dùn mí, ó ní bá a bá gba kọ́kọ́rọ́ tán, kò ní dùn mí mọ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni iléèwé sẹ́kọ́ńdìrì tó wà ní òpin títì wa ṣílẹ̀kùn fún àwọn òbí kí wọ́n wá wò ó. Mo mú ọmọ lọ. Ọkọ mi ò lọ, ó ní ẹni tó fẹ́ jẹ àkàrà kì í lọ wo ẹni tó ń dín mọ́sà, òwe tí mi ò gbọ́ rí, tí mi ò sì tíì gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì títí dòní. Tíṣà tó mú wa kiri jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí síbí, ó fi ẹ̀rọ kan jó nǹkan kan níwájú wa, iná aláwọ̀ ewé yọ, ọmọ mi bi í ní ìbéèrè mẹ́ta tẹ̀léra, ó dáhùn gbogbo ẹ̀ láìkánjú. Ilé ìyàgbẹ́ wọn mọ́. Mo padà wá sọ fún ọkọ mi.

Ó ní, "Ta ló jáde níbẹ̀ tó di nǹkan?"

Mo ní, "Tíṣà yẹn jáde níbẹ̀."

Ó ní, "Ó wá padà síbẹ̀. Ṣé o rí i?"

Sátidé kẹta, onílé fẹ́ fún wa ní kọ́kọ́rọ́ ká lọ wọn ilé wò, ká wá fọwọ́ síwèé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Irọ́ ti ń tán nílẹ̀. Ọkọ mi ní ẹnì kan ló kú, pé fìdáù là ń lọ. Àlàájà ní, "Níbi tí wọ́n ti bí ìbejì náà?" Ọkọ mi ní bẹ́ẹ̀ ni, mà, àdúgbò kan náà ni. Wọ́n ní, "Àdúgbò yẹn mà ń ṣiṣẹ́ o." Wọ́n tún ní ká dúró. Ọ̀rá ńlá ni wọ́n gbé jáde lọ́tẹ̀ yìí, ó wúwo. Kọ́tìnì ni. Aṣọ aláwọ̀ búlúù tó nípọn, wọ́n ti rán an, wọ́n ti fi ìkọ́ sí i lókè. Wọ́n ní, "Ẹ bá mi fún àwọn ọmọ olóògbé."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí a fi dé Old Kent Road. Ó ní kọ́tìnì, níbi òkú. Ó ní nǹkan ti ń ṣe Àlàájà, pé bí ọpọlọ arúgbó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, pé èmi tí mò ń tọ́jú arúgbó ló yẹ kó mọ̀. Àárín arúgbó ni mo ti ń jẹun, mo sì mọ̀ pé ọpọlọ Àlàájà pé ju tàwa méjèèjì lọ. Ṣùgbọ́n mi ò rí ìdí kọ́tìnì.

A dé ilé, a ṣílẹ̀kùn fúnra wa, ọkọ mi ń rìn káàkiri bíi baálẹ̀. Àkókò ìrun àìlà tó. Bí a ṣe fẹ́ kírun ní pálọ̀ ni bàbá òyìnbó kan tó ń fa ajá dúró lójú títì, ó ń wò wá láti inú fèrèsé gbàgbà yẹn, ajá náà ń wò wá. Ọkọ mi ní òun ò lè kírun kí ajá máa wo òun. Irin kọ́tìnì wà lókè, ẹni tó kó jáde ló fi sílẹ̀. Mo rántí ọ̀rá tó wà ní bọ́ọ̀tù ọkọ̀.

Mo fi ìkọ́ àkọ́kọ́ há a, mo fi ti ìkejì. Mò ń há a lọ, mò ń retí ibi tó máa ti kúrú. Kò kúrú. Ìkọ́ tó kẹ́yìn bọ́ sí òpin irin gẹ́lẹ́, ìsàlẹ̀ aṣọ fọwọ́ kan ilẹ̀, kò lé, kò dín. Pálọ̀ náà di pálọ̀ èèyàn. Bàbá alájá bá tiẹ̀ lọ.

Mo yíjú sí ọmọ mi. Ó ń wo ìka ẹsẹ̀ ẹ̀.

"Kí lo sọ fún Grandma?"

Ó ní, "Wọ́n bi mí bí wíńdò yẹn ṣe tóbi tó. Mo ní ó ga ju Daddy lọ, ó sì fẹ̀ tó ilẹ̀kùn wa mẹ́ta. Wọ́n wá fi aṣọ wọn wọ̀n ọ́n lára ògiri, mo sì ń sọ fún wọn ibi tó dé. Wọ́n tún ní kí n na ọwọ́ mi bí mo ṣe nà á níbí."

Bàbá ẹ̀ ní, "Ṣé mi ò ní kí o má sọ fún àwọn èèyàn ni?"

Ọmọ náà gbójú sókè. Ó yà á lẹ́nu ni, kì í ṣe àrífín. Ó ní, "Grandma kì í ṣe àwọn èèyàn, Daddy."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa ń bá a. Tiwa ò tiẹ̀ lọ jìnnà kí ó tó bá a. Ọkọ mi kírun àìlà náà, ó pẹ́ gan-an lórí ìforíkanlẹ̀. Èmi kàn jókòó sílẹ̀, mo di etí kọ́tìnì yẹn mú, ojú ń tì mí. Tówẹ́ẹ̀lì tó tóbi. Ẹní ìkírun tó jẹ́ ti àgbà àti ti ọmọ. Gbogbo ẹrù tó wà lábẹ́ ìbùsùn mi, tiwa ni.

A délé, mi ò gun òkè. Mo kan ilẹ̀kùn Àlàájà. Wọ́n ṣí i, wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní, "Ṣé wọ́n ti ṣe fìdáù náà tán?" Ojú wọn ò yí padà rárá. Mo kúnlẹ̀. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹkún ló jáde.

"Dìde ńlẹ̀," ni wọ́n wí. "Wá jókòó."

Wọ́n gbé omi fún mi. Wọ́n ní, "Ọmọ mi tó wà ní Canada yẹn, lọ́jọ́ tó máa lọ, ó wá kí mi pẹ̀lú ìyàwó àtàwọn ọmọ, ó ní ìkómọ làwọn ń lọ ní Luton. Mo fún un ní ọṣẹ ọmọ àti páúdà kó bá mi fún ìyá ìkókó. Àfi bó ṣe pè mí láti ọ̀hún. Ó ní òun ò fẹ́ kí ayé gbọ́ ni. Mo ní ó dáa. Mi ò bi í bóyá èmi náà wà lára ayé." Wọ́n nu ojú mi pẹ̀lú etí ìborùn wọn. "Kì í ṣe lílọ yẹn ló dùn mí jù. Ọmọ máa ń lọ. Ọṣẹ yẹn ni. Ọmọ mi ń lọ síbi tí yìnyín ti ń bolẹ̀, ọṣẹ ìkókó ni mo dì fún un. Mo wá sọ fún ara mi pé ẹni tó bá tún ní òun ń lọ ìkómọ tí kò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni wọ́n bí tàbí obìnrin, ohun tó máa lò nílé tuntun ni màá fún un."

Mo gbé omi náà kalẹ̀.

Wọ́n ní, "Kọ́tìnì ńkọ́? Ṣé ó kan ilẹ̀?"

Mo ní, "Ó kan ilẹ̀, mà."

"Ẹ máa lọ o. Ẹ̀kọ́ ọmọ ni. Ẹ má torí mi jókòó."

Mo gun òkè. Ọkọ mi jókòó sórí ìbùsùn, kò tíì bọ́ kóòtù. Mo ní mi ò lọ. Mo ní ọmọ máa lọ sí iléèwé òpin títì yẹn, bó bá níláárí, á yọrí níbẹ̀, pé gírámà lè jí ọpọlọ ọmọ, kò lè jí ọmọ láàárọ̀. Ó bá mi jà díẹ̀, kì í ṣe púpọ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó dá kọ́kọ́rọ́ padà. Títí dòní, ó ń sọ fún mi pé òun ṣáà ti wí i, pé bí ayé bá lè gbọ́ pẹ́nrẹ́n, ó máa bàjẹ́. Òótọ́ ló sọ. Ayé gbọ́, ó sì bàjẹ́. Ayé ọ̀hún ń fi ọ̀pá rìn, ó sì ń gbé lábẹ́ wa.

Tówẹ́ẹ̀lì ìbejì, ọkọ mi ló ń fi nura, ó ní ó dáa ju èyí tí a ń rà lọ. Ọmọ ti wà ní iléèwé òpin títì yẹn báyìí, ó ti ga, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú òun lọ mọ́, ó ní ó máa ń ti òun lójú, innit, bí àwọn ọmọ London ṣe máa ń fi parí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń kan ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ láràárọ̀, ó ṣì ń mu ògì níbẹ̀.

Kọ́tìnì, mo fi kọ́ sí pálọ̀ wa. Fèrèsé kánsù kò ga, aṣọ náà wá ń wọ́ nílẹ̀ gbàràjà, ọkọ mi ń kọsẹ̀ níbẹ̀ lójoojúmọ́, ó ń bú u. Àlàájà gun òkè wá lọ́jọ́ kan pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì àti abẹ́rẹ́, wọ́n ní kí n jẹ́ kí wọ́n gé èyí tó ṣẹ́kù kúrò. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má gé e. Mo fẹ́ máa rí ibi tí wọ́n rò pé a máa dé.